Ìrìn Ẹsẹ̀ Àwọn Ọmọ

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níwájú àwọn baálé ilé ní Ìpàdé Àpapọ̀ Ìjọ wa ní Accra

  

Àwọn tí ó ṣètò ìpàdé yìí ní kí n sọ̀rọ̀ lórí ojúṣe baálé nínú ilé rẹ̀. Ìwàásù tí a ti gbọ́ lórí rẹ̀ kò lóǹkà, nítorí náà n kò ní fi òmíràn kún un. Ìtàn ọkọ̀ kan tí mo ní, tí mo fẹ́ràn, tí mo sì tà, ni n óò sọ fún yín. Bí ó bá pa yín lẹ́rìn-ín, ẹ rẹ́rìn-ín. Bí ó bá sì bá ẹnì kan wí láàrin wa, ẹni náà kò ní jù mí lọ, nítorí èmi ni ó kọ́kọ́ bá wí.

Ọkọ̀ eré ni ọkọ̀ náà, pupa ni àwọ̀ rẹ̀, ilẹ̀kùn méjì péré ni ó ní. Mo rà á nígbà tí mo ṣì jẹ́ àpọ́n, ṣáájú kí n tó wọ ilé-ẹ̀kọ́ Bíbélì. N kò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tí ó ṣe é, nítorí pé àléébù tí ẹ óò gbọ́ nípa rẹ̀, ọwọ́ èmi fúnra mi ni ó ti wá.

Ohun tí a ń pè ní tọ́bò wà lára ẹ́ńjìnì rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn tí kò mọ̀ ọ́n. Nínú ọkọ̀ tí kò ní tọ́bò, èéfín gbígbóná tí ó bá ti inú ẹ́ńjìnì jáde, afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé e lọ, agbára tí ó wà nínú rẹ̀ sì ṣòfò. Ní ọdún 1905, ọmọ ilẹ̀ Switzerland kan tí ó ń jẹ́ Alfred Büchi gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n kan: kí èéfín tí ń jáde lọ náà máa yí abẹ̀bẹ̀ kékeré kan, kí abẹ̀bẹ̀ yìí sì máa yí èkejì rẹ̀, èyí tí yóò máa ti afẹ́fẹ́ púpọ̀ wọ inú ẹ́ńjìnì. Bí afẹ́fẹ́ bá ti pọ̀ sí i, epo tí yóò jó a pọ̀ sí i, agbára náà a sì pọ̀ sí i. Inú ẹ́ńjìnì ńláńlá, bí ti ọkọ̀ ojú omi, ni a kọ́kọ́ ti lò ó. Ọdún 1962 ni àwọn ilé iṣẹ́ ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í tà á fún ará ìlú nínú ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́. Abẹ̀bẹ̀ náà a máa yí ju ìgbà 100,000 lọ ní ìṣẹ́jú kan, ooru ibẹ̀ sì lè ju 900 lọ ní ìwọ̀n Celsius.

Ọlọ́gbọ́n ni àwọn tí ó ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fi ìwọ̀n sí agbára rẹ̀. Èmi ni n kò jẹ́ kí ó wà ní ìwọ̀n. Mo yọ sàlẹ́ńsà rẹ̀, mo fi èyí tí ó fẹ̀ sí i, tí ìró rẹ̀ ń jí àwọn ará àdúgbò lóru. Mo ní kí a yí ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà, kí tọ́bò lè máa ti afẹ́fẹ́ ju bí olùṣe rẹ̀ ti pàṣẹ lọ. Mo mú ara rẹ̀ rẹlẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ń ha gbogbo gẹgẹlẹ ojú títì. Nígbà tí ẹ́ńjìnì àkọ́kọ́ kò lè gba agbára náà mọ́, tí písítìnì rẹ̀ kan jó, mo lọ ra ẹ́ńjìnì mìíràn ní Abossey Okai, níbi tí a ti ń ta ohun èlò ọkọ̀ ní Accra yìí, mo sì tún bẹ̀rẹ̀ àṣejù náà lákọ̀tun. Iye owó tí mo ná, ojú yóò tì mí láti kà á níwájú yín.

Mo gbéyàwó. Olúwa fi ìbejì ta wá lọ́rẹ. Ọkọ̀ náà kò yí padà. Kí a tó gbé àwọn ọmọ sí ẹ̀yìn, ìyá wọn ní láti tẹ ìjókòó iwájú ba, kí ó wọlé ní ìbẹ̀rẹ̀, kí ó sì máa fi orí kan òrùlé. Nígbà tí ìyá mi ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá láti wo àwọn ọmọ, mo lọ pàdé wọn ní ibùdókọ̀. Eékún ń dun ìyá mi. Ènìyàn méjì ni ó rọra sọ̀ wọ́n kalẹ̀ sínú ọkọ̀ náà. Nígbà tí a sì délé, a fẹ́rẹ̀ẹ́ fà wọ́n jáde ni. Wọ́n wò mí, wọ́n ní, “Ọmọ mi, ṣé ọkọ̀ ni èyí ni tàbí kòtò?” A rẹ́rìn-ín. Mo rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, ṣùgbọ́n n kò tà á. Mo ní a óò máa ṣe é bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ará mi, mo mọ ohun tí ó yẹ kí n ṣe, n kò kàn fẹ́ ṣe é ni. Bí mo bá jókòó sínú ọkọ̀ náà, èmi kì í ṣe bàbá ẹnikẹ́ni. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí, ọ̀nà sì ṣófo níwájú mi.

Ní alẹ́ ọjọ́ kan, a ń bọ̀ láti ibi ìsìn ìdúpẹ́ kan ní Tema. Àwọn ìbejì ti sùn ní ẹ̀yìn. Ìyàwó mi jókòó sí ẹ̀gbẹ́ mi, oyún Ìdòwú sì ti pé oṣù mẹ́fà nínú wọn. A wà lórí Tema Motorway, ọ̀nà tí ó gùn tó kìlómítà 19, tí a ṣí ní ọdún 1965 ní àkókò Ààrẹ Kwame Nkrumah. Òfin kò gba ọkọ̀ láyè láti sáré ju 100 kìlómítà ní wákàtí kan lọ níbẹ̀. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan wa ọkọ̀ tirẹ̀ dé ẹ̀gbẹ́ mi, ó gbọ́ ìró sàlẹ́ńsà mi, ó sì fi iná rẹ̀ ṣẹ́jú sí mi. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ó ń sọ. Èmi tí mo wọ kọ́là òjíṣẹ́ Ọlọ́run sọ́rùn, mo dá a lóhùn. Mo tẹ̀ ẹ́. Tọ́bò hu, ọkọ̀ fò síwájú, inú mi sì dùn.

Ọkọ̀ akẹ́rù kan tí ó ti bàjẹ́ dúró sójú ọ̀nà níwájú mi. Kò ní iná lẹ́yìn, wọn kò sì já ewé kan pàápàá sílẹ̀ láti fi kìlọ̀ fún ẹni tí ń bọ̀. Bí mo ti ṣe yà fún un, n kò lè sọ fún yín títí di òní. Nígbà tí mo mọ ibi tí mo wà, a ti dúró sínú koríko lẹ́bàá ọ̀nà, eruku bo iná wa, àwọn ìbejì sì ń sunkún. Kò sí ẹni tí ó farapa. Ara ọkọ̀ náà kò há.

Ìyàwó mi kò sọ̀rọ̀ kan títí a fi délé. Wọ́n tẹ́ àwọn ọmọ sórí ibùsùn, wọ́n padà wá sí yàrá, wọ́n sì jókòó. Wọ́n ní, “Bàbá Ìbejì, mo mọ̀ pé ẹ mọ ọkọ̀ wà. Ṣùgbọ́n ta ni ẹ ń bá sáré?”

N kò rí ìdáhùn. Ẹni tí mo ń bá sáré, n kò mọ̀ ọ́n rí, n kò rí ojú rẹ̀, kò sì mọ̀ pé ọmọ wà ní ẹ̀yìn mi. Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ nínú ìròyìn tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2023 pé ènìyàn bí 1,190,000 ni ìjàǹbá ojú ọ̀nà ń pa ní ọdún kan ní gbogbo ayé, àti pé òun ni ó ń pa àwọn tí ọjọ́ orí wọn wà láàrin ọdún 5 sí 29 ju ohunkóhun mìíràn lọ. Ó kù díẹ̀ kí ilé tèmi wà nínú ìṣirò náà. Àwọn àgbà wa sọ pé àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà lọ́jà náà o; èmi gan-an ni mo fẹ́ wọ́ orí ọmọ tuntun.

Ní òru ọjọ́ náà, ìtàn Jákọ́bù àti Ísọ̀ wá sí mi lọ́kàn, èyí tí ó wà nínú orí 33 ìwé Jẹ́nẹ́sísì. Ísọ̀ wá pàdé arákùnrin rẹ̀ pẹ̀lú irínwó ọkùnrin, ó sì fẹ́ kí wọn jọ máa lọ. Jákọ́bù kò gbà. Ó sọ fún un pé àwọn ọmọ òun kò lágbára, àwọn ẹran òun sì ń fún ọmọ lọ́mú. Bí a bá lé wọn ní àlékún fún ọjọ́ kan ṣoṣo, ikú ni. Ó ní kí Ísọ̀ máa lọ síwájú. Òun yóò máa bọ̀ jẹ́jẹ́, bí ẹsẹ̀ àwọn ọmọ bá ti lè gbé e. Mo ti wàásù lórí orí ìwé náà nígbà mélòó kan, ìlàjà àwọn arákùnrin méjì sì ni mo máa ń sọ. N kò ṣàkíyèsí rí pé ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tí ó jẹ́ kí ẹlòmíràn ṣáájú òun, tí ojú kò sì tì í.

Mo tún rántí ìtàn kan nínú ilé wa. Bàbá bàbá mi ń ṣòwò aṣọ ní Kumasi, wọ́n sì ní alùpùpù kan tí gbogbo àdúgbò fi mọ̀ wọ́n. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Kofi Busia pàṣẹ pé kí gbogbo àlejò tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàrin ọ̀sẹ̀ méjì. N kò sọ èyí láti tún egbò dá. Àwa àti àwọn ará wa ọmọ Gánà jọ jókòó lónìí, a sì jọ jẹun. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni bàbá mi nígbà náà. Wọ́n sọ fún mi pé bàbá àwọn lè gun alùpùpù náà dé Ògbómọ̀ṣọ́ ní tiwọn nìkan, kí àwọn ará ilé sì máa wá ọ̀nà bọ̀ lẹ́yìn. Wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Wọ́n tà á ní owó pọ́ọ́kú, nítorí pé ní ọ̀sẹ̀ méjì yẹn gbogbo ènìyàn ni ó ń tà, wọ́n sì fi owó náà ra àyè nínú ọkọ̀ akẹ́rù fún aya àti ọmọ mẹ́rin. Orí ẹrù ni àwọn fúnra wọn jókòó lé. Bàbá bàbá mi kò ní alùpùpù mọ́ títí wọ́n fi kú. N kò gbọ́ ọ rí pé wọ́n kábàámọ̀ rẹ̀.

Ilẹ̀ mọ́, mo sì sọ fún ìyàwó mi pé n óò tà á.

Ìdánwò ibẹ̀ ni ó kàn. Ẹni tí ó bá ta irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ fẹ́ kí a san owó gbogbo ohun tí ó kó sí i padà fún òun. Ẹ gbà mí gbọ́, owó ọ̀ṣọ́ kì í padà bọ̀. Ohun tí ó mú inú mi dùn lára ọkọ̀ náà ni ó ń ba ẹni tí ń rà á lẹ́rù. Èkejì, mo mọ ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ojú rí. Ẹ́ńjìnì náà ti ń mu ọ́ìlì. Ní ọ̀sẹ̀ méjì-méjì ni mo ń fi lítà kan kún un. Nọ́ńbà ẹ́ńjìnì tí ó wà nínú ìwé ọkọ̀ sì jẹ́ ti èyí tí ó jó, kì í ṣe ti èyí tí ó wà nínú rẹ̀.

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, ọmọ Gánà, òṣìṣẹ́ báńkì, ni ó kọ́kọ́ wá. Ọdún mẹ́ta ni ó ti ń kó owó jọ. Ó yí ọkọ̀ náà po, ojú rẹ̀ sì ń dán bí ojú mi ti dán ní ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí i. Ó ní, “Ọ̀sọ́fò,” bí àwọn Akan ti ń pe òjíṣẹ́ Ọlọ́run, “ṣé ẹ́ńjìnì rẹ̀ dára?” Ó ti wà ní orí ahọ́n mi láti sọ pé ó dára. Kì bá má ti jẹ́ irọ́ pátápátá, nítorí ó ń ṣiṣẹ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Ṣùgbọ́n ó fi ọ̀rọ̀ kan kún un. Ó ní, “Ohun tí ẹ bá sọ fún mi ni n óò gbà, nítorí òjíṣẹ́ Ọlọ́run ni yín.”

Mo bi í bí ìyá rẹ̀ bá wà láyé. Ó ní wọ́n wà ní Cape Coast, àti pé àwọn ni òun yóò kọ́kọ́ fi ọkọ̀ náà gbé. Nígbà náà ni ó yé mi pé ọmọ ẹlòmíràn ni ó dúró níwájú mi. Bí mo bá ń mú ọkọ̀ kúrò lábẹ́ ọmọ tèmi nítorí ewu rẹ̀, tí mo sì fi ewu kan náà ránṣẹ́ sí ilé ẹlòmíràn láìsọ, kí ni mo ṣe? Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: ẹ́ńjìnì tí ó jó, agbára tí mo fi kún un, ọ́ìlì tí ó ń mu, nọ́ńbà inú ìwé, àti ohun tí ojú wa rí ní Motorway. Ó dúpẹ́, ó sì bá tirẹ̀ lọ.

Àwọn àgbà sọ pé òótọ́ dọ́jà ó kùtà, owó lọ́wọ́ ni a fi ń ra èké. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kọjá, kò sí ẹni tí ó rà á, oyún sì ń dàgbà. Oníṣòwò kan wá, owó wà lọ́wọ́ rẹ̀, iye tí mo ń pè é ni ó sì fẹ́ san. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ti ẹ́ńjìnì, ó ní, “Pásítọ̀, ẹ fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi, n kò ní sọ ọ́ fún ẹni tí n óò tà á fún.” Mo fẹ́ gbà, n kò ní purọ́ fún yín. Ìyàwó mi ń gbọ́ wa láti inú ilé. Wọn kò jáde, wọn kò sì sọ ohun kan. Mo sọ fún ọkùnrin náà pé kí ó máa lọ.

Ní ọ̀sẹ̀ keje ni ọ̀dọ́mọkùnrin báńkì náà padà dé, òun àti mẹkáníìkì tirẹ̀. Wọ́n tú u wò, wọ́n sì bá ohun gbogbo gẹ́gẹ́ bí mo ti sọ ọ́. Ó yọ ìdá kan nínú mẹ́fà kúrò nínú iye tí mo ń pè é, ohun tí wọn yóò fi tún ẹ́ńjìnì náà ṣe. Mo gbà. Kí n tó fi í lé e lọ́wọ́, mo ní kí a dá ètò kọ̀ǹpútà rẹ̀ padà sí ti olùṣe rẹ̀, mo gbé sàlẹ́ńsà àkọ́kọ́ jáde láti ẹ̀yìn ilé kí a dá a padà síbẹ̀, a lọ tún nọ́ńbà ẹ́ńjìnì náà kọ ní ọ́fíìsì DVLA, a sì yí ìwé ọkọ̀ padà sí orúkọ rẹ̀.

Ìdá kan nínú mẹ́fà kì í ṣe ohun kékeré nílé òjíṣẹ́ Ọlọ́run. Ọkọ̀ tí a ti fojú sí, ọwọ́ wa kò tó o mọ́. Ìyàwó mi kó èsúsú wọn, èyí tí àwọn ará Gánà ń pè ní susu, kún owó náà, a sì ra ọkọ̀ oníjókòó méje kan tí ẹlòmíràn ti wà fún ọdún púpọ̀ ní Accra yìí. Àwọ̀ eérú ni, kò ní tọ́bò, kò sì ní ìró kankan. Ní ìpàdé àwọn òjíṣẹ́ tí mo kọ́kọ́ wà á lọ, arákùnrin kan bi mí pé ọkọ̀ òfurufú mi dà. Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ó dùn mí fún bí ọjọ́ méjì.

Ẹ̀yin baálé, mo fẹ́ fi ohun mẹ́ta sí yín lọ́wọ́. Èkínní, bí ẹ bá fẹ́ ra ọkọ̀ fún ilé yín, ẹ má ṣe fi ara tiyín nìkan dán an wò. Ẹ mú àgbà ilé lọ kí wọ́n wọlé, kí wọ́n sì jáde. Ẹ kà á bóyá bẹ́líìtì wà fún orí kọ̀ọ̀kan. Ẹ ra ìjókòó ọmọdé, nítorí Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé ó lè dín ikú àwọn ọmọ ọwọ́ nínú ìjàǹbá kù tó ìdá 71 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà: nọ́ńbà mẹ́rin wà níbẹ̀, méjì àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀sẹ̀ tí a ṣe é, méjì ìkẹyìn jẹ́ ọdún, bí ẹ bá rí 1219, ọ̀sẹ̀ kejìlá ọdún 2019 ni. Táyà tí ó ti gbó lè máa dán bí tuntun.

Èkejì, bí ẹ bá ń ta èyí tí ẹ ní, ẹ sọ àléébù rẹ̀ kí a tó bi yín. Ẹni tí ń rà á ní ìyá.

Ẹ̀kẹta, kì í ṣe gbogbo yín ni ó ní ọkọ̀ eré. Ṣùgbọ́n ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ni ó ní ohun kan tí ó rà nígbà tí ó dá wà, tí ó sì ń fi ipá kó ará ilé rẹ̀ sínú rẹ̀. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò. N kò sọ pé kí ẹ kórìíra rẹ̀. Èmi kò kórìíra ọkọ̀ pupa náà títí di òní. Bí mo bá gbọ́ ìró irú rẹ̀ lójú títì, mo ṣì máa ń yíjú wò ó.

Oṣù kan lẹ́yìn tí a ra ọkọ̀ eléérú náà ni Olúwa fi Ìdòwú ta wá lọ́rẹ. Ìyá mi tún ti Ògbómọ̀ṣọ́ wá. Mo lọ pàdé wọn ní ibùdókọ̀ kan náà, mo sì na ọwọ́ láti gbé wọn wọlé. Wọn kò dúró dè mí. Wọ́n di ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn mú, wọ́n gbé ẹsẹ̀ kan, wọ́n gbé èkejì, wọ́n jókòó, wọ́n sì tún gèlè wọn ṣe. Wọ́n fi ọwọ́ lu ìjókòó náà lẹ́ẹ̀mejì. Wọ́n ní, “Ó dára. Ó yá, máa wà á lọ, ṣùgbọ́n má sáré o.”

Ẹ̀yin ará, mo wà á jẹ́jẹ́ délé. Gbogbo tro-tro Accra ni ó ya wá sílẹ̀ lọ ní ọjọ́ náà.

Kí Olúwa dá olúkúlùkù wa padà sí ilé rẹ̀ láyọ̀, kí ó sì jẹ́ kí a bá àwọn tí a fi sílẹ̀ ní àlàáfíà.